Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní ilẹ̀ Yorùbá: ẹ jẹ́ ká mọ ipò G6PD ọmọ tuntun kó tó kúrò lọ́wọ́ wa

Sí ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní Ìbàdàn. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé ojoojúmọ́ là ń gbé ìkókó lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, tí à ń ní kó máa lọ sílé, láìmọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lè gba káńfọ̀ tó wà nínú àpótí aṣọ ilé wọn. Àyẹ̀wò tó lè sọ fún wa wà: àyẹ̀wò G6PD, tó ń wo ohun tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ilẹ̀ wa fúnra wọn ti mọ ewu tó wà níbẹ̀, síbẹ̀ a kò ní ètò kankan tí gbogbo ọmọ tí à ń bí ń gbà kọjá. Mo kọ ọ́ sí gbangba kí ìyá, bàbá àti ìyá àgbà lè kà á bí ẹ ti ń kà á, nítorí inú ilé wọn lọ̀rọ̀ náà wà.

1. G6PD ni orúkọ jíìnì kan, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí. Orí kurọmọsóòmù X, okùn tín-ín-rín kan tó ń ru jíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì, ló wà. Òun ló ń sọ bí ara yóò ṣe mọ púrótéènì kan tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ glucose-6-phosphate dehydrogenase, ẹ́ńsáìmù tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ń lò. Ẹ́ńsáìmù yìí ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ṣúgà inú sẹ́ẹ̀lì, tí sẹ́ẹ̀lì ń ti ibẹ̀ rí èròjà kan tó ń jẹ́ NADPH. NADPH ló sì ń sọ glutathione dọ̀tun nígbàkígbà tó bá ti lo ara rẹ̀ tán, glutathione náà ló ń gbèjà sẹ́ẹ̀lì.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù lára ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà rí NADPH. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kò ní. Ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ló gbójú lé, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ́síjìn ló ń gbé kiri tọ̀sán-tòru. Bí irin ṣe ń dógùn-ún tí afẹ́fẹ́ àti omi bá ń kàn án láìdáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni ọ́síjìn ṣe lè ba hẹmogilóbìn, èròjà tó ń gbé e nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, jẹ́ nígbà tí kò bá sí ohun tó ń gbèjà rẹ̀.

Oríṣiríṣi àléébù ló lè bá jíìnì yìí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín wa ni wọ́n ń pè ní A-. Ìyípadà méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ní ipò 202, ọ̀kan ní ipò 376. Ara ẹni tó ní i ń ṣe ẹ́ńsáìmù náà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá ṣe ń gbó ni ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ ń tán lọ, débi pé agbára gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kì í ju nǹkan bí 10 sí 15 nínú 100 èyí tó yẹ kó jẹ́. Ẹni náà á máa jẹ, á máa mu, á máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ọjọ́ tí káńfọ̀, oògùn kan tàbí àìsàn gbígbóná bá kàn án ni ọ̀rọ̀ á yí padà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ lára.

Àgbàlagbà tó ní A- sábà máa ń yè é bọ́, nítorí egungun rẹ̀ á tètè ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun, àwọn tuntun yìí sì ní ẹ́ńsáìmù tó pọ̀ díẹ̀. Ti ìkókó ló le. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá fọ́, ohun inú rẹ̀ á di bilirúbìn, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ìyeyè, òun là ń rí nínú ẹyinjú tí a fi ń pè é ní ibà pọ́njú. Ẹ̀dọ̀ àgbà máa ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kò tíì gbó tó láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bilirúbìn á wá pọ̀ dépò pé yóò gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ, ibẹ̀ ló sì ti ń ba ohun tí kò ṣe é tún ṣe jẹ́: etí, ọrùn, ọwọ́, ẹsẹ̀, ìṣípòpadà ojú. Ọmọ tí kò bá kú níbẹ̀ lè máa gbé e kiri títí ayé rẹ̀.

2. Ẹ jẹ́ ká wá wo iye àwọn tó kàn. Ọmọkùnrin ní X kan ṣoṣo, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á. Bí A- bá wà lórí X yẹn, kò sí òmíràn tí yóò dípò rẹ̀. Ọmọbìnrin ní X méjì, nítorí náà bí ọ̀kan bá ní àléébù tí èkejì pé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ àdàlù: sẹ́ẹ̀lì kan ní ẹ́ńsáìmù tó péye, sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní in. Láàárín ọkùnrin Yorùbá, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ní àìtó G6PD. Bí a bá gbẹ̀bí ọmọkùnrin mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kan, ká máa retí pé ó kan bíi méjì nínú wọn.

Kò sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí pásítọ̀ tàbí àlùfáà kò ní bi í pé kí ni jínótáìpù rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí à ń bí, bíi méjì tàbí mẹ́ta ló ń jẹ́ SS, nígbà tí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin ní àìtó G6PD, tí kò sì sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n máa tú àfẹ́sọ́nà ká nítorí G6PD. Kò sídìí fún un rárá. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ní i yóò yàgò fún àwọn ohun tó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, yóò sì gbé ayé rẹ̀ bí gbogbo èèyàn. Mímọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà, ìdí nìyẹn tí àìmọ̀ yìí fi ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo sì ní láti sọ èyí fún àwọn ìdílé tó ń kà á: kì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Mo ti wà níbi tí ìyá ọkọ ti ń bi ìyàwó ilé pé irú ẹ̀jẹ̀ wo ló gbé wá, nítorí pé ọmọkùnrin méjì ti bá ibà pọ́njú lọ. Ilé mìíràn á ní àbíkú ni. Ohun tí ìyá náà gbé lára, àwọn baba ńlá wa ló gbé e fún un, ó sì nídìí tó fi pọ̀ láàárín wa tó bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ibà kì í gbilẹ̀ dáadáa nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ kò tó. Níbi tí ibà ti ń pa ọmọdé láti ìran dé ìran, ẹni tó ní àléébù jíìnì yìí ló sábà ń yè láti bí ọmọ tirẹ̀.

3. Níbo ni wọ́n ti mọ ìyẹn? Ní Ìbàdàn níbí ni, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn mi wà.

Ní 1956, Alving àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kéde pé àìtó ẹ́ńsáìmù yìí ló ń mú kí primaquine, oògùn ibà kan, fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan ní Stateville, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kàn, ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní apá ibi tiwa. Ní 1969, Luzzatto, Usanga àti Reddy, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tẹ ìwádìí tiwọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ní X kan pípé àti X kan tí kò pé, tí ibà sì wà lára wọn lọ́wọ́. Wọ́n ka kòkòrò ibà tó wà nínú oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjèèjì. Kòkòrò tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní ẹ́ńsáìmù tó péye fi ìlọ́po 2 títí dé 80 ju èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní in. Ara ẹnì kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà! Ní 1972, Bienzle, Ayeni, Lucas àti Luzzatto tún gbé ìwádìí mìíràn jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, tó fi hàn pé àwọn ọmọbìnrin tó ní X kan tí kò pé ló ń rí ààbò náà jù. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa jíìnì G6PD lágbàáyé tí wọn kò ní dárúkọ Ìbàdàn.

Ó tún kù. Ní 1980, Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti tẹ ìwádìí jáde lórí ewu ibà pọ́njú fún ìkókó tó ní àìtó G6PD tí mẹ́ńtọ́ọ̀lù bá kàn án. Ransome-Kuti yìí kan náà ló di Mínísítà fún Ètò Ìlera ní 1985, òun ló sì mú kí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, irú èyí tí mo ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, fẹsẹ̀ múlẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ní 1989, ìgbìmọ̀ kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yàn dá a lábàá pé ibikíbi tí àìtó G6PD bá ti tó 3 sí 5 nínú 100 ọkùnrin, kí wọ́n máa yẹ ọmọ tuntun wò. Tiwa tó nǹkan bí 20.

Singapore ti ń fi ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ṣe àyẹ̀wò yìí fún ọmọ tuntun láti 1965. Wọ́n ń dá ọmọ tó bá ní i dúró nílé ìwòsàn kí wọ́n lè máa wo ojú àti ara rẹ̀, ibà pọ́njú tó ń wọ ọpọlọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀ níbẹ̀. Philippines sọ àyẹ̀wò ọmọ tuntun di òfin ní 2004, G6PD sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa ni ayé fi kọ́gbọ́n. Ẹlòmíràn ti ń fi ọgbọ́n náà gba ọmọ tirẹ̀ là. Àwa tí a ni ẹ̀jẹ̀ ń sọ fún ìyá ìkókó pé kó máa gbé ọmọ sí oòrùn àárọ̀.

4. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun tí à ń rí. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá bá mi ní ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá kan ni wọ́n ti bí i, ọjọ́ tí wọ́n bí i náà ni wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ, nítorí bẹ́ẹ̀dì kò tó. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ojú ọmọ ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ìkómọ, pé gbogbo èèyàn ní kò sí nǹkan níbẹ̀, kí ó fún un ní omi gúlúkóòsì. Ẹnì kan fún un ní omi ìbẹ́pẹ dúdú. Nígbà tí mo tú ṣọ́ọ̀lù tí wọ́n fi wé e, òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ kí mi. Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, tí wọ́n ti dì sínú àpótí láti ọdún pípẹ́ pẹ̀lú káńfọ̀, tí wọ́n kó jáde fún ọjọ́ ìkómọ láìfọ̀, láìsá. Mo fi àtàǹpàkò tẹ iwájú orí ọmọ náà, mo ká ọwọ́ kúrò. Ibi tí mo tẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Mo tẹ àyà rẹ̀, bákan náà. Mo tẹ àtẹ́lẹsẹ̀, bákan náà. Igbe rẹ̀ ti yàtọ̀, ó tínrín, ó ń ta létí. Ó ti ń tẹ ọrùn sẹ́yìn, kò sì gba ọmú mọ́.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ní iná búlúù tí wọ́n ń tẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Iná mànàmáná ti lọ. Wọ́n ń wá epo tí wọn yóò bù sí jẹnẹrétọ̀. Kí wọ́n tó rí epo, kí wọ́n tó rí ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fi pààrọ̀ ti ara rẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́ ní ti ọpọlọ rẹ̀. Ọmọ náà wà láàyè. Kò lè gbé ọrùn rẹ̀ dúró, bí ìyá rẹ̀ bá sì pè é láti ẹ̀yìn kò ní yíjú, nítorí kò gbọ́.

Ohun tó tún dùn mí ni pé lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán ni ẹnì kan wá rántí G6PD. Èsì àyẹ̀wò ní ó péye. Ó ní láti péye, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ló wà lára rẹ̀! Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ àlejò ti tán lára rẹ̀, tí wọ́n tún un ṣe, kò tó.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ káńfọ̀ lásán ni, kí a sáà máa kìlọ̀ fún àwọn ìyá. À ń kìlọ̀. Èmi fúnra mi ń sọ ọ́ ní kíníìkì aláboyún títí ohùn mi fi ń há. Ṣùgbọ́n aláboyún tó gbọ́ ọ lè má jẹ́ ẹni tí yóò tú àpótí. Ìyá àgbà ni, tàbí àbúrò ọkọ, tàbí ẹni tó wá kí wọn tó bọ́ ìborùn ara rẹ̀ tó fi gbé ọmọ pọ̀n. Èéfín káńfọ̀ lásán, tí ọmọ ń fà símú, ti tó. Ní Gíríìsì, wọ́n ti ròyìn rẹ̀ láti 1963 pé ìkókó tí a kò fi káńfọ̀ kàn lára ní tààrà ń ní ibà pọ́njú látinú aṣọ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú yàrá. Naphthalene tó wà nínú rẹ̀ ló ń ṣe é. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin dè é láti 2008. Níbí, wọ́n ń tà á lórí igbá nínú ọ̀rá láìsí àkọlé kankan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páúdà ọmọdé.

Ìpara tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù náà ńkọ́? Wọ́n ń fi í sí ìwọ́ ọmọ kó lè tètè já. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ni ìjọba fọwọ́ sí fún ìwọ́, àmọ́ ó máa ń tán lọ́wọ́ wa, bó bá sì ti tán, ohun tó wà nílé ni ìyá yóò lò.

Ọmọ mìíràn wà tí káńfọ̀ kò kàn, tí mẹ́ńtọ́ọ̀lù kò kàn, tí ibà pọ́njú rẹ̀ ṣì le ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí pé G6PD rẹ̀ kò tó. Ìkìlọ̀ kò lè rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò nìkan ló lè rí i.

5. Kì í ṣe ìgbà ìkókó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá èèyàn. Primaquine àti dapsone, oògùn tí wọ́n fi ń wo ẹ̀tẹ̀, ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àìtó G6PD. Ní 2003 ni wọ́n gbé oògùn ibà kan jáde fún ilẹ̀ Áfíríkà, Lapdap, tí dapsone wà nínú rẹ̀. Ní 2008 wọ́n kó o kúrò lọ́jà nítorí bó ṣe ń mú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìtó yìí lọ sílẹ̀. Tafenoquine, oògùn ibà mìíràn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, kò ṣe é fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ yẹ G6PD rẹ̀ wò. Oògùn ń yí padà, jíìnì èèyàn kì í yí padà. Èsì tí a bá kọ sórí káàdì ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ni dókítà yóò máa wò títí ọmọ náà yóò fi darúgbó.

Kí n fi èyí kún un fún àwọn òbí tí wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ wọn ní i, tí wọ́n wá lọ ka orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ní ọmọ kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀wà mọ́. Ẹ̀wà tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni fava, tí wọ́n ń jẹ ní agbègbè Òkun Mẹditaréníà àti Lárúbáwá. Kì í ṣe ẹ̀wà tí à ń fi ṣe mọ́ínmọ́ín àti àkàrà. Ẹ má fi ebi pa ọmọ.

6. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìbí? Mo ti sọ ọ̀kan: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà sí ọmọ lára máa ń bo èsì mọ́lẹ̀. Èkejì ni pé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń fọ́ lọ́wọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gbó tí kò ní ẹ́ńsáìmù ló kọ́kọ́ ń lọ, tí àwọn tuntun tó ní in ń ṣẹ́ kù. Àyẹ̀wò tí a bá ṣe lásìkò yẹn lè ní kò sí nǹkan. Ìgbà tí ara ọmọ dá ṣáṣá ni ká ti mọ̀.

Kò sì ná wa ní abẹ́rẹ́ kankan. Bí a bá ti gé ìwọ́ tán, ẹ̀jẹ̀ kù nínú ìwọ́ tó wà lára ibi ọmọ, èyí tí à ń gbé sọnù tàbí tí bàbá ọmọ ń lọ rì mọ́lẹ̀. Ẹ̀kán díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó. Láti 1968 ni wọ́n ti ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń kán ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ èròjà kan, kí wọ́n kán an sórí bébà, kí wọ́n sì wò ó lábẹ́ iná ultraviolet: bó bá tàn, ẹ́ńsáìmù wà, bí kò bá tàn, kò tó. Láàbù ilé ìwòsàn ìjọba tó ń ṣe jínótáìpù lè ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ohun tí mo ń béèrè rèé.

Kí gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ yẹ G6PD wò, kí àwa tó wà ní alábọ́ọ́dé náà máa rí ìgò tí a ó bu ẹ̀jẹ̀ sí àti ẹni tí yóò máa gbé e lọ sí láàbù. Kí èsì dé ọwọ́ ìyá kó tó di ọjọ́ kẹta, nítorí láti ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni ojú ọmọ máa ń pọ́n jù. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ̀lú yíǹkì pupa, pẹ̀lú orúkọ àwọn ohun tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ yàgò fún, ní Yorùbá.

Kí ẹ dá àbẹ̀wò ọjọ́ kẹta padà sípò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹnì kan rí ìyá àti ọmọ láàárín wákàtí 48 sí 72. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ọ̀pọ̀ ìyá tún máa ń fojú kàn wá. Bí ẹ bá gbà wá ní èèyàn, a ó máa lọ bá wọn nílé.

Kí ẹ bá àjọ NAFDAC sọ̀rọ̀ lórí káńfọ̀ tí kò ní àkọlé. Kí ẹ tó rí wọn bá sọ, ẹ lágbára lórí rédíò ìpínlẹ̀ yín. Ẹ fi ìkéde sórí rẹ̀ ní ẹ̀ka èdè ibi kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ìyálọ́jà àti àwọn ìyá àgbà gbọ́ ọ. Kí ẹ pe àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti àwọn agbẹ̀bí inú ìjọ náà jókòó, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń wáyé. Ẹ má fi wọ́n sẹ́yìn.

Kí iná búlúù tó wà ní wọ́ọ̀dù ìkókó ní bátìrì tàbí sólà tirẹ̀, tí kò ní dúró de epo. Níbi tí kò bá ti ṣeé ṣe, ẹ wo àgọ́ tí wọ́n ń fi ọ̀rá pàtàkì ṣe òrùlé rẹ̀, tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń tọ́jú ọmọ wọlé, tó sì ń dá èyí tó ń jó ara padà. Ní Èkó ni àwọn olùwádìí Slusher, Olusanya àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti dán an wò, ìwé ìròyìn New England Journal of Medicine sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015 pé ó ṣiṣẹ́ bíi ti iná. Kí báǹkì ẹ̀jẹ̀ sì máa yẹ G6PD ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀ ti ìkókó wò kí wọ́n tó lò ó. Níbi tí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ti ní àìtó yìí, ó rọrùn láti gba ẹ̀jẹ̀ tí yóò tún fọ́ lára ọmọ.

Bí owó kò bá tó láti bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi àwọn ilé ìwòsàn tí ìbímọ ti pọ̀ jù bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa kéde iye ọmọ tí ẹ yẹ̀ wò, iye tí kò tó, àti iye tí ibà pọ́njú gbé wá.

Èsì tí mo ń retí lọ́dọ̀ yín kì í ṣe ìwé ìdúpẹ́. Ẹ sọ fún wa ilé ìwòsàn tí yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, oṣù tí yóò bẹ̀rẹ̀, àti láàbù tí a ó máa gbé ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ náà lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan, Ìbàdàn